Hẹlikópítà kì í balẹ̀ bí àgbọn tó já lórí igi

Lánàá ni ẹnìkan tún sọ ọ́ sí mi létí: "Ṣebí hẹlikópítà kì í sáré lórí ilẹ̀ kó tó gbéra? Ibi pẹrẹsẹ tó bá ti gbà á, ẹ da kọnkéré sí i, ẹ kun H sí i, ó parí." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Owó ńlá ni àwọn tó gbà á gbọ́ ń rì mọ́lẹ̀.

Lóòótọ́, hẹlikópítà lè dúró sójú kan lókè. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sọ̀kalẹ̀ tààrà láti òkè réré bó bá rọ́nà míì gbà. Tó bá ń já wálẹ̀ kíákíá láìrìn síwájú, inú atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀ ló máa kó sí, bó bá sì fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ṣe ló tún máa yára rì sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kú ńkọ́? Eré tó ń sá bọ̀, tàbí bó ṣe ga tó sílẹ̀, ni awakọ̀ fi ń mú kí abẹ̀bẹ̀ yẹn máa yí títí yóò fi balẹ̀. Ẹni tó dúró sójú kan nítòsí òrùlé ilé kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń wọlé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ló ń jáde. Ìlànà FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ni pé fún ẹsẹ̀ bàtà 8 kọ̀ọ̀kan tí a bá lọ síwájú láti etí pápá, gíga tí ohun tó wà lójú ọ̀nà lè ní kò gbọ́dọ̀ fi ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lé sí i, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Ẹ ṣírò ó: igi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 40 gbọ́dọ̀ jìnnà tó 320 sí etí pápá. Àyè ilẹ̀ tí hẹlikópítà ń wọlé sí, tó sì ń gbéra níbẹ̀, náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ gígùn hẹlikópítà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tòun ti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Mo wà níbi kan tí wọ́n ti da kọnkéré, tí wọ́n kun H, tí wọ́n tan iná yí i ká, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe olùyẹ̀wò. Ọkùnrin náà kò wo kọnkéré rárá. Ó kẹ̀yìn sí i, ó nawọ́ sí wáyà iná tó gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá, ó ní ta ló máa gbé e kúrò. Wáyà bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí látòkè. Gbogbo wa dákẹ́. Títí di òní, hẹlikópítà kankan ò balẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn rí hẹlikópítà tó balẹ̀ sójú títì láti gbé ẹni tó fara pa. Pàjáwìrì nìyẹn. Mo gbà pé òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, pé ibòmíì wà tí ìbalẹ̀ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ara ẹni kò gba ìwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pápá ìbalẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ kọ́, FAA ní kí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ ní 90 ọjọ́, ó kéré tán, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wí, kì í ṣe ìgbà tí kọnkéré bá ti gbẹ.