Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí ìrìnàjò láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù sí ti Haneda ní Tokyo

Ẹ ṣeun, a rí ìràwọ̀ yín. Ẹ ní a tàn yín jẹ: ojú ewé wa sọ pé kìlómítà 9,600 ni Lọ́ńdọ̀nù sí Tokyo, bíi wákàtí 12, ṣùgbọ́n wákàtí 22 àti 40 ìṣẹ́jú lẹ lò. Ẹ tún ní a kì í gbé fóònù. Ìyẹn a ó bá yín sọ níkọ̀kọ̀. Ti wákàtí ni kí gbogbo ẹni tó ń ka ibí yìí bá wa gbọ́.

Kò sí bàálù tó ń fi wákàtí 22 lọ tààrà sí Haneda. Aago 9:30 àárọ̀ lẹ gbéra, aago 8:10 àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ balẹ̀. Ti àkọ́kọ́, aago Lọ́ńdọ̀nù ni. Ti ìkejì, aago Japan ni. Lóṣù Kejì, Japan fi wákàtí 9 ṣíwájú Lọ́ńdọ̀nù (8 ni nígbà ooru). Ẹ yọ 9 kúrò, wákàtí 13 àti 40 ìṣẹ́jú ló kù. Ohun tí òṣìṣẹ́ wa fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ 14 oṣù Kìíní, aago 10:20 àárọ̀, gan-an nìyẹn, ó sì kọ “aago ìlú tí ẹ wà” sábẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ tún ṣírò pé bí bàálù bá ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí, 9,600 kò yẹ kó ju wákàtí 10 àti 40 ìṣẹ́jú lọ. Ìṣirò yín pé, ọ̀nà ni kò rí bẹ́ẹ̀. 9,600 ni ọ̀nà tó kúrú jù lórí ayé tó rí roboto yìí, orí Rọ́ṣíà ló sì gbà. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2022 ni Rọ́ṣíà ti ti òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá ń yí gba gúúsù: Tọ́kì, Jọ́jíà, Azerbaijan, Kazakhstan, Ṣáínà. Àwọn bàálù mìíràn ń gba ìhà Alaska àti Greenland. Àyípo yìí máa ń fi bíi wákàtí méjì kún ìrìnàjò. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí, títí tó fi máa dúró pátápátá lọ́hùn-ún, ni tíkẹ́ẹ̀tì ń kà. Nígbà tó ń rìn nílẹ̀, tó ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, 900 kọ́ ló ń sá. Ẹ̀fúùfù òkè náà ńkọ́? Ó ń ti bàálù tó ń lọ sí ìlà-oòrùn lẹ́yìn. Bàálù tó bá gba ìwọ̀-oòrùn padà, á dojú kọ ọ́ ni.

Wákàtí 12 tó wà lójú ewé wa, ti ìgbà tí ọ̀nà Rọ́ṣíà ṣì ṣí sílẹ̀ ni. Ó yẹ ká ti yọ ọ́ tipẹ́. A ti yọ ọ́ lónìí. Nítorí ìlà kan yìí, a ó dá owó iṣẹ́ wa padà fún yín. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀, torí bàálù gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ kò kúkú mẹ́nu ba ìpadàbọ̀ yín. Aago 9:40 àárọ̀ lẹ kúrò ní Haneda, aago 3:10 ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà lẹ dé Heathrow. Bí a bá kà á bí ẹ ṣe ń kà, wákàtí márùn-ún àbọ̀ péré ni. Ìràwọ̀ mélòó ni tìyẹn?