Lámilámi tó na ìyẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe dragonfly ní gbogbo ìgbà o

Ẹni tó bá ti mọ̀ díẹ̀ nípa kòkòrò báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé tí lámilámi bá bà síbì kan tó na ìyẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, dragonfly ni, tó bá pa á pọ̀ sẹ́yìn, damselfly ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. (Àwa tá a ń pe gbogbo ẹ̀ ní lámilámi ò tiẹ̀ ní wàhálà kankan.)

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní great spreadwing ní Amẹ́ríkà, Archilestes grandis. Damselfly pọ́ńbélé ni, àmọ́ tó bá bà sórí ẹ̀ka igi létí odò, ńṣe ló máa ń na ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbagada, ara ẹ̀ á wá rọ̀ wálẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kọ́, ó sì tún wá tóbi, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6, kò sí damselfly tó tóbi tó o níbẹ̀, ta ló máa rí ìyẹn tí ò ní sọ pé dragonfly ni? Èmi náà ti ṣe é rí, mo tiẹ̀ fẹ́ bá èèyàn jà lórí ẹ̀, àfìgbà tó ní kí n súùmù fọ́tò yẹn kí n wo ojú ẹ̀.

Ojú damselfly jìnnà síra, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Ojú ọ̀pọ̀ dragonfly máa ń kan ara wọn lórí, àfi àwọn bíi clubtail, torí náà ẹ wo ìdí ìyẹ́ náà: ti damselfly tín-ín-rín níbi tó ti so mọ́ra, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọra, ìyẹ́ ẹ̀yìn dragonfly ló máa ń fẹ̀ níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn tó ń sọ ọ́ ya òpùrọ́, ọ̀pọ̀ damselfly ló ń pa ìyẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ìdílé Lestidae tí great spreadwing yìí ti wá wà lára àwọn tó ya tiwọn sọ́tọ̀. Àwọn yẹn gan-an, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, wọ́n á ṣì pa á pọ̀ ná!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bẹ̀rù pé ó ń ta èèyàn, ohun tẹ́ ẹ rí nídìí abo ẹ̀ yẹn, igi ló fi ń là, kó lè kó ẹyin ẹ̀ sínú ẹ̀ka tó wà lókè omi.