Ilé Ni Mo Ti Lo Ọlidé Mi

Bí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún bá ti ku ọ̀túnla, ìbéèrè kan náà ni àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi ara wa: níbo ni a ó ti lo ọlidé? Ẹnìkan á ní etí òkun ni òun ń lọ, òmíràn á ní òun ti rán aṣọ ẹbí sílẹ̀. Bí mo bá ní ilé ni n ó wà, ṣe ni wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tí kò rówó ná. (Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí rẹ̀.)

Lójú tèmi, ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, kò tún nílò ìrìnàjò kankan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó sinmi. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá sì le ní Mile 12 nígbà tí mo bá ń bọ̀, àwọn ọmọ á ti sùn kí n tó wọlé. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Chicago da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yìí kan náà lọ́dún 1886, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí iṣẹ́ òòjọ́ má ju wákàtí mẹ́jọ lọ, kí mẹ́jọ wà fún ìsinmi, kí mẹ́jọ tó kù sì wà fún ohun tó bá wu olúwa rẹ̀. Mẹ́jọ ìkẹyìn yẹn, inú dáńfó ni tèmi ń parí sí. Láti ọdún 1981 tí ọjọ́ náà ti di ọlidé káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ mi ni kí n gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀.

Gàrí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi, tí pákí rẹ̀ ti lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kó tó dé orí iná, kò fẹ́ ìkánjú rárá. Mo bu ún sínú abọ́, mo da omi lé e, mo sì dúró kí hóró rẹ̀ rì sísàlẹ̀, kí ìyàngbò fúyẹ́fúyẹ́ inú rẹ̀ léfòó. Mo wá rọra tẹ abọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ìyàngbò náà fi bá omi àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi tútù nini sí i, tí mo wá wọ́n ẹ̀pà yíyan lé e lórí. N kò fi ṣúgà sí i, nítorí kíkan tó kan yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gbé abọ́ tirẹ̀ wá.

Àbíkẹ́yìn mi wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò mí títí, ó ní: “Dádì, ṣé wọ́n lé yín níbi iṣẹ́ ni?” Mo ní rárá, ọlidé ni. Ó tún béèrè bóyá ọ̀la náà yóò jẹ́ ọlidé, ó sì ń ṣa ẹ̀pà inú abọ́ mi jẹ bó ṣe ń dúró de èsì.