Coca-Cola Kò Lè Tún Kílọ́ọ̀ṣì Tó Ti Jẹ Ṣe
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí kílọ́ọ̀ṣì Volkswagen Ìjàpá bá ń yọ̀, kí a da Coca-Cola sí i, kò ní sí ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú díìsì (àwo inú kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) tó ti jẹ kì í hù padà.

Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì: ó yẹ kí pẹ́dààlì kílọ́ọ̀ṣì ní àyè mílímítà 10 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí àyè náà bá pé, tí ẹ tẹ iná ní jíà kẹrin, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò sáré sí i, mẹkáníìkì yóò ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ (owó rẹ̀ kò kéré lóòótọ́), kí ó pààrọ̀ díìsì, kí ó sì dí ibi tí ọ́ìlì bá ti ń jò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn.