Ẹ Fi Ẹ̀rọ Wọn Èéfín Tírélà Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lùwé

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 pé òun kò ní máa fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹni tó bá tọwọ́ bọ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín ọkọ̀ mọ́, kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé etí àwọn olówó ọkọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì wa ní Ìlọrin, tí àwọn kan sì ti sọ ọ́ di àwíjàre fún bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín kúrò lára tírélà. Wọ́n ní bí Amẹ́ríkà bá ti jáwọ́ ńbẹ̀, kí la tún ń pariwo lé lórí? Ẹ̀sùn ọ̀daràn nìkan ni Amẹ́ríkà gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; owó ìtanràn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ilé-iṣẹ́ Cummins tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mọ̀ bí owó náà ṣe ń wúwo tó: ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó gbà láti san dọ́là bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 675 nígbà tí ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ọgbọ́n sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ram kí ó lè borí àyẹ̀wò èéfín. Yàtọ̀ sí èyí, òfin Nàìjíríà ni wọn yóò fi dá ẹjọ́ tírélà tó bá ń gba Ẹyẹnkọrin kọjá.

Òfin náà sì wà. Abala 20 nínú òfin tó dá NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2007, sọ pé ẹni tó bá rú ìlànà àjọ náà lórí afẹ́fẹ́ lè san owó ìtanràn tó ₦200,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, tàbí kó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú ₦20,000 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá fi ń bá a lọ. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ṣẹ̀, ó lè tó mílíọ̀nù méjì náírà, pẹ̀lú ₦50,000 lójúmọ́. Ní 2011 ni wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀ lórí èéfín ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù àti dísù. Kí olówó ọkọ̀ tí tírélà rẹ̀ ti ń rìn láìsí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín láti Èkó lọ sí Jẹ́bà láti ọdún tó kọjá jókòó ṣírò owó ojoojúmọ́ yẹn wò.

A kò sọ pé kò sí ìnira nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Dísù tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín jẹ́, omi yúríà tí àwọn ọkọ̀ tuntun ń lò láti fọ èéfín wọn mọ́ kì í wà ní gbogbo ilé epo, bó bá sì tán, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò dín agbára rẹ̀ kù. Awakọ̀ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lóru láàárín Bódè Sáádù àti Jẹ́bà, pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì lẹ́yìn, kò ní ronú nípa NESREA. Àwọn ìjọba ECOWAS ti fẹnu kò ní 2020 pé dísù tí wọ́n bá ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 50 imí-ọjọ́ nínú mílíọ̀nù kan lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ìjọba tó bá gbà kí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ wọlé ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Mẹkáníìkì yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò gé agolo ńlá tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, yóò fọ́ ohun tó rí bí afárá oyin tó ń sẹ́ èéfín nínú rẹ̀ dànù, wẹ́dà yóò sì jó agolo náà padà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọpọlọ ọkọ̀ náà, tí yóò yí ètò rẹ̀ padà kí iná ìkìlọ̀ má baà tàn mọ́. Òṣìṣẹ́ VIO, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lójú pópó, tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ yóò rí agolo níbi tó yẹ kí agolo wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń lo omi yúríà ni wọ́n pa, èéfín ọkọ̀ náà lè má dúdú rárá, nítorí pé gáàsì tí ẹ̀rọ náà ń sọ di aláìléwu kì í hàn sójú. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè mú ẹ̀ṣẹ̀ yìí.

Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn yìí fi ń tẹnu mọ́ ọn pé VIO Kwara kò gbọdọ̀ fún ọkọ̀ ńlá kankan ní ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn èéfín rẹ̀, kí wọ́n sì ka ohun tó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọdún 15 ni ìlànà 2011 ti wà. Kí ni wọ́n ń dúró dè? Láti 2012 ni ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti sọ ọ́ gbangba pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ní Gérí-Àlímì, a ń rí tírélà tó ń tú èéfín dúdú lé àwọn ìyá tó ń ta wàrà lórí, tí ìwé ẹ̀rí sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ta ló buwọ́ lù ú? Kí ló fi yẹ ọkọ̀ náà wò?

Ohun tó tún ń bí wa nínú ni ẹni tí ìyà náà ń jẹ. ₦5,000 ni owó ìtanràn èéfín àpọ̀jù nínú ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, awakọ̀ tí wọ́n bá sì bá nídìí ọkọ̀ ni yóò san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló pe mẹkáníìkì, tí kò sì jẹ nínú owó tí ọ̀gá rẹ̀ rò pé òun fi pamọ́. Orúkọ olówó ọkọ̀ ni kí ó wà lórí ìwé ẹ̀sùn, kí wọ́n sì tọpa iṣẹ́ náà dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá sì ń ta tírélà tòkúnbọ̀, ní Ìlọrin ni o, ní Ọ̀fà ni o, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ọjà bóyá ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀ tàbí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹni tó rà á má baà rojọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

NESREA, KWEPA tó jẹ́ àjọ àyíká ìpínlẹ̀ Kwara, àti VIO kò nílò òfin tuntun kankan láti ṣe èyí. Kí kọmíṣánnà fún ètò àyíká sọ ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wọn èéfín ọkọ̀ ńlá fún ará Kwara, kí ó sì sọ ọ́ kí oṣù yìí tó parí.