Ìbàdí tó ń ro télọ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ṣúgà

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, oorun di ọ̀wọ́n fún télọ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde. Aṣọ tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta ọdún ti kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí ìbàdí bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ohun kan náà lẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá àti ọmọṣẹ́: "Jẹ̀dí ni. Gàrí tí mo fi ṣúgà mu ló fà á." Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi ránṣẹ́ pe ìyá alágbo.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí ó ń ná àwọn èèyàn wa lówó, ó sì ń jẹ́ kí ìrora pẹ́ lára wọn.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lójú ihò ìdí. Ìgbẹ́ líle, kéèyàn máa fi agídí yàgbẹ́, oyún, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó ló sábà ń fà á. Ìdí lè máa yúnni, ẹ̀jẹ̀ lè bá ìgbẹ́ wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ba eegun ẹ̀yìn jà. Ṣúgà àpọ̀jù ní aburú tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká dín in kù nítorí eyín àti ìtọ̀ ṣúgà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2020, mílíọ̀nù 619 èèyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí rí.

Ẹ wo bí télọ̀ ṣe ń jókòó. Orí àpótí tí kò ní ẹ̀yìn ni. Maṣíìnì wà nísàlẹ̀, kò sì lè gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, ló bá tẹ̀ síwájú, ọrùn wálẹ̀, ẹ̀yìn ká kò. Bó ṣe jókòó láago mẹ́jọ àárọ̀ ló ṣì wà tí oòrùn fi kàn tàrí. Eegun márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ohun kan tó rọ̀ bíi tìmùtìmù sì wà láàárín wọn. Ní ara àgbàlagbà, nǹkan yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀; ìgbà tí a bá ń yí ara padà ni oúnjẹ ń ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ẹran tó gbé ẹ̀yìn dúró náà máa ń rẹ̀ bó bá wà lójú kan fún wákàtí púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún akọ̀wé nídìí kọ̀ǹpútà àti ìyá tó ń yan gàrí.

Kí ló wá dé tí ara fi ń yá lẹ́yìn àgbo? Ọ̀pọ̀ ìbàdí ríro ló ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a mu nǹkan, a ò mu nǹkan. Àgbo míì á sì mú kéèyàn máa yàgbẹ́ léraléra. Ó di dandan kó kúrò nídìí maṣíìnì lọ́jọ́ yẹn. Dídìde tó ń dìde ń ràn án lọ́wọ́, àgbo wá ń gba ọpẹ́. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ sì lè pa ìrora fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún padà.

Ẹ máa dìde. Bó bá ti tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ na ara sẹ́yìn, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má kó gbogbo aṣọ tí ẹ fẹ́ lọ̀ jọ di alẹ́. Bí ẹ bá ti rán apá kan tán, ẹ dìde lọ̀ ọ́. Orí tábìlì gíga ni kẹ́ ẹ ti máa gé aṣọ. Bí ẹ bá rí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹ ká ìró kan, kẹ́ ẹ fi ti ibi tí ìbàdí ti tẹ̀ wọlé. Jíjókòó gbọnrangandan látàárọ̀ dalẹ́ náà kì í gbani. Bó bá sì ti ń dùn, ẹ má dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀la. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá kú tí ẹ ò mọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, bí ìtọ̀ bá kọ̀ láti jáde tàbí tí kò ṣeé mú dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti Fásitì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù. Bàbá àgbàlagbà tí ìbàdí ń ro lóru, tó sì ń rù, ẹ má fún un ní àgbo jẹ̀dí: jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nínú, nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ (prostate), lè ti dé eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ wá náà, dókítà ni kó wò ó.