Wọ́n ní léfì kì í ṣe owó ilé ìwé

Ọjọ́ Ajé tí ilé ìwé wọlé, aago mẹ́wàá ò tíì lù tí ọmọ aládùúgbò mi ní Òkè-Àdó fi yọ ní kọ̀rọ̀, báàgì lẹ́yìn. Wọ́n lé e wálé. Ìwé pélébé kan ló mú dání, báírò ni wọ́n fi kọ ọ́: owó àga, owó ìwé ìdánwò, owó ọlọ́dẹ, ìgbálẹ̀ méjì. Ilé ìwé ìjọba ni o, kíláàsì kẹrin lọmọ ọ̀hún wà. Mo ní ṣebí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Ìyá ẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ilé ìwé ni ìjọba ní ká má san. Léfì lèyí."

Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbà gbọ́ n'Ìbàdàn nìyẹn. Irọ́ ni.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti dandan ti ọdún 2004 ò sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Abala 3 ní ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ti ìjọba bá ń ṣe fún ọmọ. Abala 15 wá ka ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà lẹ́yọ lẹ́yọ: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ rí àga níbẹ̀ àbí? Ẹni tó bá gbowó lórí wọn, ìtanràn rẹ̀ lè tó 10,000 náírà, tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù 3 jura. Yúnífọ́ọ̀mù ò sí níbẹ̀, òfin yìí ò sì dé SS1.

Àwọn àgbà á ní ayé Awólọ́wọ̀ nìkan lọ̀fẹ́ ti jẹ́ ọ̀fẹ́, pé owó kòkó ló san gbogbo ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọ kọ́bọ̀. Owó kòkó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa sanwó. Lóṣù keje ọdún 1952 ni Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Ìbàdàn níbí. Kí owó lè tó, wọ́n bu léfì ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ lé àwọn asanwó-orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àpọ́n san, ẹni tí ò bímọ san. Inú ń bí aráàlú burúkú. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 dé, NCNC, ẹgbẹ́ Adélabú Pẹ̀nkẹ̀lẹ́mẹ́ẹ̀sì, gba ìjókòó ilé aṣòfin ju AG, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, lọ nílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn, léfì yìí sì wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀, ní January 17, 1955, ilé ìwé ṣí. Ọmọ tí ò tó 460,000 lọ́dún 1954 di èyí tó lé ní 811,000.

Ẹ ò rí i pé léfì wà nígbà yẹn náà? Àmọ́ ọwọ́ asanwó-orí ni wọ́n ti gbà á, kì í ṣe lẹ́nu géètì, lọ́wọ́ ọmọdé.

Lẹ́nu ọjọ́ yìí, ìjọba Ọ̀yọ́ fúnra ẹ̀ gba léfì 3,000 náírà lọ́dún nílé ìwé, kí Mákindé tó fagi lé e lọ́jọ́ tó búra wọlé ní 2019. Bóyá ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ wa lára.

Mi ò dá ọ̀gá ilé ìwé nìkan lẹ́bi. Tí ṣọ́ọ̀kì bá tán tówó ò wá, kí ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ní owó nílẹ̀ fún èyí, ìpínlẹ̀ ní láti mú tiẹ̀ kún un kó tó rí i gbà. Ibẹ̀ ni ká ti lọ bi wọ́n. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òfin kan náà mú òbí: ẹni tí ò bá rán ọmọ lọ, ìkìlọ̀ ni àkọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Báwo lẹ ṣe máa lé ọmọ tí òfin ní kó wá dandan?

Mo kọ abala 3 àti 15 sẹ́yìn ìwé pélébé náà, mo ní kí ìyá ẹ̀ fi hàn wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí wọn tí wọ́n ń lọ, ìgbálẹ̀ méjì lábíyá ọmọ. Mo ní èwo nìyẹn. Ìyá ẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, mo kà á dáadáa. Ìgbálẹ̀ ò sí nínú ẹ̀."